Kókó tí Dolina Ta ní Ọjọ́ Ìsinmi

Dolina Matheson kò mọ bí a ti ń jókòó. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni, orúnkún òsì rẹ̀ sì ti ń dùn ún láti ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ kò sí ẹni tó wọ ilé rẹ̀ ní Kilvannan tí kò bá a lórí ìdúró, tó ń nu ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Àwọn ará abúlé a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ọjọ́ tí a bá rí Dolina lórí àga, ká tètè lọ pe dókítà.

Okùn ìwọ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọ̀pá pẹja sámọ́nì ní odò Dunaig mọ̀ pé okùn ńlá tí a ń jù sórí omi kò ṣeé so mọ́ ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ lásán, nítorí sámọ́nì kì í ṣe òmùgọ̀. Láàárín okùn ńlá yẹn àti ìwọ̀ tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ wé, okùn ọ̀rá kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa tín-ín-rín lọ títí ojú ẹja kò fi ní rí i mọ́. Wọ́n ń tà á nílùú, wọ́n ti ṣe é tán, wọ́n sì dì í sínú ọ̀rá tó ń dán. Àwọn apẹja wa a rà á, wọ́n a jù ú sísàlẹ̀ àpò, wọ́n a sì wá kan ilẹ̀kùn Dolina.

Oríṣi okùn ọ̀rá márùn-ún ló ń gé. Èyí àkọ́kọ́ nípọn bí igi ìgbálẹ̀, èyí tó kẹ́yìn dà bí irun orí. Kókó ló fi ń so ọ̀kan mọ́ èkejì: á yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún síhìn-ín, á yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún sọ́hùn-ún, á ki etí méjèèjì bọ àárín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ló kù. Kí ó tó fa kókó náà le, á kọ́kọ́ fi sẹ́nu, á fi itọ́ rin ín. Okùn ọ̀rá tí a bá fà ní gbígbẹ a máa gbóná, á jó ara rẹ̀ nínú kókó níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Bí ẹ bá wò ó, ó rẹwà. Bí ẹja gidi bá fà á, ẹ ó sunkún.

Ọkọ rẹ̀, Murdo, ló kọ́ ọ. Gíllì ni Murdo, ìyẹn ẹni tó ń mú àwọn apẹja kiri odò tó sì ń sọ ibi tí ẹja wà fún wọn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí kò lè ta kókó mọ́, ó pe ìyàwó rẹ̀ sídìí tábìlì, ó ní, “Fi itọ́ sí i, kí o sì fà á bí ẹni fa ọmọ lọ́wọ́.” Ọdún mọ́kànlá ti kọjá tí Murdo ti kú. Dolina kò tíì ta kókó gbígbẹ kan rí láti ìgbà náà, títí di ọjọ́ Ìsinmi tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kan àlùfáà wa, Lachlan Beaton. Ó ti wà ní Kilvannan fún ọdún méjìlélógún. Ọjọ́ Ajé ni àlùfáà ń sinmi, gbogbo ọjọ́ Ajé tí odò bá sì ṣí fún ìpẹja ni Àlùfáà Beaton ń gbé ọ̀pá ìpẹja sọ́rùn lọ síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwa ará abúlé, nísàlẹ̀ afárá, níbi tí ẹja ń kọjá láìdúró. Kò mú sámọ́nì kan rí, àní ẹyọ kan. Àwọn ọkùnrin tó ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì a máa sọ pé ìwàásù rẹ̀ ló gùn, pé ẹja ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lókèèrè, wọ́n sì ń rò pé ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òun náà a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Dolina ti rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti odò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, kò sì sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọjọ́rú ni ọkọ̀ yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú Dundee, sí ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní àjà kẹta, níbi tí kò sí odò tí ẹ lè fi ọ̀pá kàn. Ìjọ bá lọ bẹ onílẹ̀ pé kí ó fún wọn ní ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo lórí apá odò tirẹ̀, láti Ibú Opó títí dé Ibú Dúdú, ibi tí sámọ́nì ti ń dúró sinmi. Onílẹ̀ gbà. Wọ́n ní Torquil Gow, tí Murdo kọ́ níṣẹ́ gíllì, ni yóò mú un lọ. Wọ́n yíjú sí Dolina lẹ́yìn àdúrà Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní, “Dolina, okùn dọwọ́ ẹ o.”

Ó ta okùn náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó dára, kò lábùkù. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú súìtì míǹtì lẹ́nu rẹ̀ bíi gbogbo obìnrin tó wà lórí ìjókòó yẹn, Dolina gbọ́ pé òjò dá lórí páànù. Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò gbọ́ ìwàásù mọ́. Bí òjò bá dá lónìí, omi á mọ́ lọ́la. Bí omi bá mọ́, ègé tó kẹ́yìn lára okùn yẹn ti nípọn jù. Ẹja á rí i. Ó yí ẹsẹ̀ padà, ó tún un yí. Obìnrin tó jókòó tì í wò ó bíi pé èèrà ló wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ẹ mọ bí ọjọ́ Ìsinmi ti ń rí lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la ti ń bó ọ̀dùnkún ọjọ́ kejì. A kì í sá aṣọ, a kì í la igi, ọmọdé kì í fọn fèrè. Dolina padà délé, ó jẹun, ó ka Bíbélì, ó jókòó, ó dìde, ó wo fèrèsé, ó jókòó. Nígbà tó di aago méjì, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

“Mo kàn fẹ́ wò ó ni,” ló sọ fún àwòrán Murdo lára ògiri.

Láti orí wíwò ló ti bọ́ sórí fífọwọ́kàn. Láti orí fífọwọ́kàn, ó ti gé ègé tó kẹ́yìn kúrò kó tó mọ̀, ó sì ti mú ìdì okùn tó tín-ín-rín jù ú lọ. Ó fi súìtì míǹtì míràn sẹ́nu láti fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún síhìn-ín. Ó yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún sọ́hùn-ún. Ó ki etí méjèèjì bọ àárín, ó sì ń gbé e bọ̀ lẹ́nu nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí fìlà dúdú. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ni.

Dolina gbé míǹtì mì lódidi. Ó fa kókó náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fìà! Ó gé ìrù rẹ̀, ó ká okùn, ó tì í sábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ń bo ìkòkò tíì, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ojú ẹni tó ti ń gbàdúrà láti àárọ̀.

“Arábìnrin Dolina, mo ní kí n yà béèrè orúnkún yín.”

“Ẹ ṣeun, Àlùfáà. Ó ń bẹ níbẹ̀.”

Àlùfáà jókòó. Ó wo tábìlì, ó wo fèrèsé, ó tún wo tábìlì. “Òjò ti dá,” ló wí.

“Ó ti dá o.”

“Omi á máa mọ́ lọ ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé.”

“Èmi ò mọ̀ o, Àlùfáà,” ni Dolina wí. “Ọjọ́ Ìsinmi lòní.”

Àlùfáà wúkọ́. Ó gbàdúrà kúkúrú fún orúnkún náà, ó sì lọ.

Ibi tí mo ti ń bínú sí Dolina rèé, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò fi itọ́ sí kókó yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà á láti gé e kúrò kí ó sì ta òmíràn. Ṣùgbọ́n ojú ti tì í débi pé ó gbé okùn náà sínú àpótí tábìlì, ó tì í, ó sì pinnu pé òun kò tún ní fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé yóò fi mọ́. Láti tún un ṣe, àfi kí ó tún ba ọjọ́ Ìsinmi jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi kókó tó jóná sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì rò pé ìrònúpìwàdà nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà kò tíì lù dáadáa nígbà tí Torquil dé. Àwọn adìyẹ ń pariwo, oorun ṣì wà lójú Dolina, bàtà kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Àǹtí Dolina, okùn dà? Àlùfáà ti wà nínú ọkọ̀. Mo rò pé wọn ò sùn.”

Ó sáré ṣí àpótí, ó sì gbé okùn fún un. Ọkọ̀ ti kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́ kí omi tútù tó kan ojú Dolina níbi ìfọjú. Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ padà sí i lọ́kàn, ó sì pariwo níbẹ̀, òun nìkan: “Yéè! Kókó yẹn!”

Ó gbìyànjú láti parọ́ fún ara rẹ̀ pé bóyá kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ó mú okùn ọ̀rá lára ìdì àná, ó ta kókó méjì, ọ̀kan pẹ̀lú itọ́, èkejì ní gbígbẹ, ó fi kọ́ ìwọ̀n tó fi ń wọn ẹran lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fà. Èyí tó ní itọ́ gbé pọ́n-ùn mẹ́jọ kó tó já. Èyí tó gbẹ kò dé mẹ́rin. Sámọ́nì tó bá dára ní Ibú Opó tó pọ́n-ùn mẹ́wàá, ó sì lágbára ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ.

Fóònù kì í ṣiṣẹ́ ní àfonífojì yẹn. Dolina jókòó ta okùn tuntun, kókó mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan rin gbindin, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ ní gbogbo àsìkò tó fi ń ṣe é. Ó ba ọ̀kan jẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí à ń kánjú ṣe kì í yá. Nígbà tó wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹnu géètì ìpadò, aago mẹ́jọ ti kọjá.

Wọn kò sí ní Ibú Opó. Ó rí ipasẹ̀ bàtà nínú ẹrẹ̀, ó tẹ̀lé e. Wọn kò sí níbi àpáta ńlá. Kantíkantí bò ó lójú, orúnkún rẹ̀ ń ké, ó ń rìn, ó ń sá eré díẹ̀, ó ń rìn. Lójú ọ̀nà, ó ń ṣe àtúnṣe ohun tí yóò sọ. Ní àkọ́kọ́, ó fẹ́ sọ òtítọ́. Nígbà tó fi gun ògiri òkúta àwọn àgùntàn kọjá, òtítọ́ náà ti dín kù. Nígbà tó gbúròó wọn ní Ibú Dúdú, kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Torquil ló kọ́kọ́ rí i. “Haà! Àǹtí Dolina! Ṣé ilé jó ni?”

“Ilé ò jó. Mo mú okùn míì wá.”

“Okùn míì ṣe kí ni? Ẹja kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kan èyí ni! Kò tíì tó ìdajì wákàtí.”

Àlùfáà wà nínú omi tó dé e nítan. Dolina kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ pọ́n, fìlà rẹ̀ wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín fún omi lásán. “Arábìnrin Dolina! Ẹ wá wo bó ṣe ń balẹ̀! Omi ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kàn án!”

“Àlùfáà, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀. Èyí dáa jù ú lọ.”

“Dáa jù ú báwo?”

“Ó... ó gùn jù ú díẹ̀.”

“Èyí gùn tó.”

“Ó tún rọ̀.”

“Àǹtí,” ni Torquil dá sí i, “ẹ̀yin náà kẹ̀? Bí ẹja bá ti fẹnu kan okùn, a kì í tú u. Ọkọ yín ló kọ́ mi.”

Òtítọ́ ni. Bí wọ́n ti ń ṣe lódò wa nìyẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Àlùfáà sì ti yíjú padà sí omi.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí ó sọ: àná ni mo ta á, n ò fi itọ́ sí i. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n àná jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àlùfáà nìyí, Torquil nìyí tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, gbogbo Kilvannan á sì gbọ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ alàgbà nínú ìjọ! Dolina pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó jókòó sórí òkúta, ó dìde, ó jókòó. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹja má jẹun. Ó ń gbàdúrà kí àlùfáà rẹ̀ má rí ohun kan ṣoṣo tó ń wá, kí àṣírí òun má bàa tú, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. Bí wákàtí kan ti kọjá lọ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí okùn bá balẹ̀ sórí omi, eyín rẹ̀ ń ro ó.

Lẹ́yìn náà, omi wú níbi tí ìwọ̀ wà, bí ẹni tó yí padà lórí ibùsùn, okùn sì le. Kẹ̀kẹ́ tí a ká okùn mọ́ lára ọ̀pá ké. Àlùfáà kígbe. Ó gbé ọ̀pá sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ọ̀pá sì tẹ̀ kọrọdọ.

“Ẹ má fà á!” Dolina kò mọ ìgbà tí òun dé inú omi pẹ̀lú bàtà ilé rẹ̀. “Àlùfáà, ẹ má fà á! Kókó ìsàlẹ̀ yẹn ò dáa! Mo fà á ní gbígbẹ! Àná ni mo ta á!”

“Àná?” ni Torquil wí. “Ṣebí Sọ́ńdè làná.”

“Mo mọ ohun tí àná jẹ́, Torquil Gow! Panu mọ́!”

Kí a sòótọ́, àlùfáà kò bi í ní ohunkóhun. Ó rẹ ọ̀pá sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ẹja máa lọ. Ẹja náà lọ, ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan, funfun báláú, ó tún wọlé. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e létí omi, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni ń sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: òun fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yẹn wàásù fún wa títí ó fi sú wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ó di ogún. Dolina ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ń ṣàn jáde ní bàtà rẹ̀.

“Aago mélòó lánàá?” ni àlùfáà béèrè níkẹyìn, láìyíjú kúrò lára okùn.

“Aago méjì kọjá díẹ̀.”

“Ìgbà tí mo kan ilẹ̀kùn?”

“Ìgbà yẹn gan-an. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Ẹ jọ̀wọ́, Àlùfáà.”

Àlùfáà jẹ́ kí ẹja yí ibú po lẹ́ẹ̀kan. “Arábìnrin Dolina, kì í ṣe orúnkún yín ni mo bá wá.”

“Ẹ̀n?”

“Mo wá wò bóyá okùn ti délẹ̀ ni. N ò lè jókòó sílé. Mo tiẹ̀ rí ìdì ọ̀rá lórí tábìlì yín, inú mi sì dùn. Mo wá fi orúnkún bojú.”

Torquil rẹ́rìn-ín débi pé àwọ̀n tí yóò fi gbé ẹja náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dolina náà ìbá rẹ́rìn-ín bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ibi tí okùn ti wọ omi.

Ó rẹ ẹja náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ibi tí omi kò ti jìn, ó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ikùn rẹ̀ sì hàn. Ó tó pọ́n-ùn mẹ́wàá, kò dín. Torquil wọ inú omi pẹ̀lẹ́, ó ri àwọ̀n sísàlẹ̀. Àlùfáà ń mí bí ẹni gun òkè. Ìgbọ̀nwọ́ méjì ló kù, ó di ọ̀kan. Òjìji Torquil ṣí lórí omi, ẹja náà sì mi orí lẹ́ẹ̀kan péré, kò tiẹ̀ le. Okùn já.

Àlùfáà ju ọ̀pá ìpẹja nù. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin da ara rẹ̀ sínú odò pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, gbàà! Omi ta bo Torquil lójú, ó ta bo gbogbo wọn. Nígbà tí ó rọlẹ̀, àlùfáà wà lórí eékún nínú omi, fìlà rẹ̀ ń ṣàn lọ, ó sì ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Ṣé mo kàn án?” ló béèrè. “Nǹkan tútù kan kọjá lọ́wọ́ mi. N ò mọ̀ bóyá omi ni.”

Torquil ń nu ojú. “Bí ọwọ́ yín bá kàn án, ẹ ti mú un nìyẹn, Àlùfáà. Bí òfin odò yìí ṣe wí nìyẹn. Gbogbo sámọ́nì tí a bá mú la ṣáà ń dá padà sómi. Ṣùgbọ́n omi bò mí lójú, n ò rí nǹkan kan. Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Ṣé ọwọ́ wọn kàn án?”

Àwọn méjèèjì yíjú sí Dolina.

Ó rí i. Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Ẹja náà ti lọ ní ìgbọ̀nwọ́ kan gbáko kí ọwọ́ àlùfáà tó pàdé nínú omi. Ó tún rí ojú àlùfáà, omi ń kán nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó la ẹnu díẹ̀ bí ọmọ tó ń dúró de kí ìyá rẹ̀ wí pé ó dára. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ń béèrè. Ta ni yóò pa lára? Ẹja ti padà sínú odò bí ó ti yẹ. Ọkùnrin náà á lọ sí Dundee pẹ̀lú sámọ́nì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa lè wí láéláé pé kókó Dolina Matheson ló gba ẹja lọ́wọ́ àlùfáà. Ó fẹ́ sọ ọ́ débi pé ọrùn rẹ̀ ti ń tẹ̀.

“Rárá,” ló wí. “Ọwọ́ yín ò kàn án, Àlùfáà. Ó ti lọ kí ẹ tó ṣubú.”

Torquil gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ń lọ mú fìlà. Àlùfáà kò dìde. Ó pẹ́ níbẹ̀ nínú omi tútù yẹn. Torquil padà dé, ó sì fà á lọ́wọ́ dìde.

Wọ́n so okùn tuntun. Dolina ló so ìwọ̀ mọ́ ọn, ó fi í sẹ́nu pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Torquil fi ní kí ó ṣọ́ra kó má gbé e mì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àlùfáà ju okùn títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ní Ibú Dúdú, níbi àpáta ńlá, ní Ibú Opó, ó sì ń jù ú dáadáa. Ẹja kankan kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dolina kò lọ sílé. Ó dúró létí odò ní gbogbo ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, nítorí kò mọ bí òun ṣe máa fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Torquil lọ gbé ọkọ̀ wá sí òkè, ó ku àwọn méjì.

“Bí ẹ bá ti sọ fún mi nígbà tí ẹ dé,” ni àlùfáà wí.

“Ẹ bá ti mú un. Mo mọ̀.”

“Wákàtí kan gbáko, Dolina. O jókòó sórí òkúta yẹn fún wákàtí kan.”

Kò pè é ní Dolina lásán rí. Omi bọ́ lójú Dolina, kò sì nù ún. “Ojú tì mí ni. Mo gbàdúrà kí ẹ má rí ẹja. Ẹ dárí jì mí.”

Àlùfáà ká okùn rẹ̀ pọ̀. “Mo fẹ́ ẹja yẹn gan-an,” ló wí. “Wá sílé lọ́la kí o tún béèrè. Àlùfáà ni mí lọ́la. Apẹja ni mí lónìí.”

Dolina ní òun gbọ́. Ó gba ọ̀pá ìpẹja lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òtútù ti mú àlùfáà, wọ́n sì jọ gun òkè lọ síbi ọkọ̀.